Ọmọ mi yára ju kíláàsì rẹ̀ lọ: báwo ni mo ṣe lè bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan. Ọmọ náà ń ka ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì kẹta, láìsí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ó máa ń parí iṣẹ́ kí àwọn yòókù tó ṣe é dé ìdajì, bó bá sì ti parí, á dìde, á máa rìn káàkiri, á sì máa sọ ìdáhùn sí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ létí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ó ń dí àwọn ọmọ yòókù lọ́wọ́. Bàbá ọmọ fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì kẹta báyìí báyìí. Ìyá ń bẹ̀rù pé bí òun bá lọ bá olùkọ́, yóò dà bí ìgbà tí òun fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ọ̀nà wo ni kí òun gbà bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, àti pé ṣé kí ọmọ fo kíláàsì?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ní kúkúrú kí n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹ má tíì béèrè pé kí ọmọ fo kíláàsì. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo ohun tí ọmọ náà mọ̀ ní tòótọ́, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kékeré kan tó lè yí padà nínú kíláàsì tó wà yìí. Ohun tí ọmọ yín ń wá ni iṣẹ́ tó le tó láti mú un ronú. Orúkọ kíláàsì gíga kò lè fún un ní ìyẹn, nítorí bí wọ́n bá gbé e lọ sí kíláàsì kẹta lónìí, tí ó sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní kíláàsì kejì náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, kí ọdún tó yípo, á ti tún máa dìde rìn káàkiri.

Ibi ẹ̀sùn tí olùkọ́ fi kàn án ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tó bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé èsì máa ń bínú pé olùkọ́ kò mọyì ọmọ àwọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé olùkọ́ ti ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ tí òun ń fún ọmọ yín kì í gba àkókò rẹ̀ tán. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977, wọ́n ka àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn yára ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ mọ́ àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé bí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kò bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè jà mọ́, ó lè torí rẹ̀ ya olórí kunkun tàbí ẹni tí ìwé ti sú. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀ pé ìwà tí olùkọ́ ń ráhùn lé lórí ní orísun tí àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa ti mọ̀ tipẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ rọ̀ lọ́rùn jù. Ọmọ tí kò sùn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ ń dùn ún kò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn bí ẹ kò bá tíì ṣe é. Bákan náà, ọmọ kan ṣoṣo lè yára púpọ̀ nínú ìwé kíkà kí ó sì máa tiraka nínú ìwé kíkọ. Bí olùkọ́ bá sọ fún yín pé lẹ́tà rẹ̀ kò dúró lórí ìlà, ẹ má rò pé ó ń wá àlébù ọmọ yín. Ó ṣeé ṣe kí ohun méjèèjì tí ẹ̀yin àti olùkọ́ ń sọ jẹ́ òótọ́.

Iṣẹ́ kejì tó wà lọ́wọ́ yín nílé ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín pípe ọ̀rọ̀ jáde àti òye. Ọmọ tó ń ka ìwé kíláàsì kẹta geerege lè má mọ ohun tí ó kà. Ẹ fún un ní ojú ewé kan tí kò rí rí, kí ó kà á, kí ẹ pa ìwé dé, kí ẹ wá ní kó sọ ìtàn náà fún yín ní Yorùbá bí ẹni ń pa àlọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé: kí ló dé tí ọmọ inú ìtàn náà fi parọ́? Ká ní ìwọ ni, kí ni ò bá ṣe? Nínú ìṣirò, ẹ má fún un ní àròpọ̀ ńlá, torí àròpọ̀ ńlá kò yàtọ̀ sí kékeré fún ẹni tó ti mọ ọ̀nà. Ẹ ní kí ó pín ọsàn mẹ́tàdínlógún fún ọmọ mẹ́rin kí ó sì sọ ohun tí wọn yóò fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe. Bí ó ṣe ronú dé ibi ìdáhùn ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Mo tẹnu mọ́ èdè Yorùbá nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni wa, ọmọ tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi ni wọ́n máa ń pè ní ọlọ́pọlọ pípé, tí èyí tó ń ronú jinlẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ yóò sì jókòó sẹ́yìn láìsí ẹni tó rí i. Ẹ̀rí wà pé èyí kò tọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù títí wọ́n fi parí ọdún kẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ẹ̀kọ́ púpọ̀, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ dán ọmọ yín wò ní èdè méjèèjì, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ bí ẹ bá rí i pé òye rẹ̀ jinlẹ̀ ní ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ẹ ṣe èyí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìyìn. "Ó gbọ́n gan-an" kò wúlò fún olùkọ́ rárá, nítorí gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ka ojú ewé mẹ́ta nínú ìwé kíláàsì kẹta, ó sọ ìtàn rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì" wúlò púpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo fi ohun tí kò lè ṣe kún un. Òbí tó bá mú ohun tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ wá pẹ̀lú ohun tó mọ̀, olùkọ́ á gbà á gbọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe é ní ẹnu géètì nígbà tí ilé-ìwé bá jáde, tí àwọn òbí ń dúró, tí àwọn awakọ̀ ń fun fèrè. Ẹ má sì kọ ọ́ sí orí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ojú yóò ti olùkọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì gba ọjọ́ tó bá dá. Ẹ má kọ́kọ́ tọ ìyá tó ni ilé-ìwé lọ, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilé-ìwé aládàáni, ọ̀rọ̀ tí òbí bá sọ lókè máa ń padà sórí olùkọ́ bí ìbáwí, owó oṣù rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fi irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kún un. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe fún ọmọ yín jẹ́ àfikún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀ fún un. Ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló lè mú un ṣe é, ìyẹn sì ni mo fi gbà pé bí ẹ ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò.

Bí mo bá wà ní ipò yín, báyìí ni ǹ bá ṣe bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. Mo rí ohun tí ẹ kọ sínú ìwé èsì ọmọ wa, mo sì dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n mọ̀. A ti bá a wí nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń rí i láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ jọ̀wọ́, àkókò wo gan-an ló máa ń ṣe é?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Bí ó bá ní lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ ìṣirò ni, tí kì í sì í ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń yàwòrán tàbí kọ ìwé, òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ wá sọ. Ìgbà náà ni kí ẹ mú ìwé tí ẹ kọ jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni kì í jókòó, níbi gbogbo, nínú iṣẹ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ ronú sí i kí ẹ tó máa bá ti ọpọlọ pípé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún: ẹ má sọ pé iṣẹ́ kíláàsì "ti rọrùn jù" fún un, kí ẹ má sì sọ pé kíláàsì ti sú u. Létí olùkọ́, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ìwọ kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ sọ pé ó ti mọ apá kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ó lè fi àkókò tó ṣẹ́ kù ṣe tí kò fi ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìṣòro tí òun náà fẹ́ yanjú ni ẹ fi síwájú rẹ̀ yẹn.

Kí ni kí ẹ wá béèrè? Joseph Renzulli, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Connecticut ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ọ̀nà kan tí mo gbà pé ó bá kíláàsì wa mu, torí kò gba owó. Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ orí ẹ̀kọ́ kan, ó lè fún ọmọ náà ní ìdánwò kékeré lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá fi hàn pé òun ti mọ̀ ọ́n, wọn kò ní jẹ́ kí ó tún ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á sì fi àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú kíláàsì ọmọ yín, ó lè jẹ́ pé nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe àròpọ̀ mẹ́wàá tó wà lójú pátákó, èyí tó le jù, méjì péré, ni òun yóò ṣe. Bí ó bá gba méjèèjì, ó ti yege. Bí ó bá kùnà ọ̀kan, kí ó padà ṣe gbogbo wọn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn apá ìkẹyìn yìí púpọ̀, nítorí pé ó ń dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìgbéraga, ó sì ń fi olùkọ́ lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ náà kò ní fo ohunkóhun tí kò mọ̀.

Àmọ́ kí ni yóò wá fi àkókò tó ṣẹ́ kù ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àdéhùn láàárín òbí àti olùkọ́ ti ń bàjẹ́. Bí a bá sọ pé "ẹ wá nǹkan mìíràn fún un" tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú yóò fún un ní àròpọ̀ ogún dípò mẹ́wàá, tàbí kí ó máa rán an níṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì, tàbí kí ó sọ ọ́ di olùkọ́ kékeré tí ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò wá sí ilé-ìwé láti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ pèsè iṣẹ́ náà. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tó nípọn, kí ó máa wà nínú báàgì rẹ̀, kí iṣẹ́ kan máa wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kò ní ṣe ju kí ó sọ pé "mú ìwé rẹ jáde" lọ, kí ó sì wò ó ní ọjọ́ Ẹtì bí àyè bá wà.

Ẹ má lọ ra ìwé kíláàsì kẹrin fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ṣe é tán nílé, kí ni wọn yóò kọ́ ọ nígbà tó bá dé kíláàsì kẹrin? Ẹ fún un ní ohun tí kò sí nínú ìwé kíláàsì kankan. Òǹkà Yorùbá jẹ́ ibi ọlọ́ràá kan tí a kì í sábà lò. Ẹ bi í pé kí ló dé tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta, kí ó wá a rí fúnra rẹ̀ pé àyọkúrò ló wà nínú orúkọ náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo àádọ́ta, tí í ṣe ọgọ́ta dín mẹ́wàá, àti àádọ́rin, tí í ṣe ọgọ́rin dín mẹ́wàá, kí ó wá ìdí tí 90 fi jẹ́ àádọ́rùn-ún tí 110 sì jẹ́ àádọ́fà, kí ó sì gbìyànjú láti sọ ohun tó yẹ kí 130 àti 150 máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá rí i pé àádóje àti àádọ́jọ ni, tó sì lè sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n, ti ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀ ju àròpọ̀ ọgọ́rùn-ún lọ. Bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ lè wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òǹkà yìí kún ẹnu àwọn àgbà ju ẹnu àwa lọ.

Ayò náà wúlò. Ilé méjìlá ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ ní kí ó ya ọpọ́n náà sínú ìwé rẹ̀, kí ó sọ ilé tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí bí a bá kó ilé kẹta, kí ó sì wá ilé tí yóò kó tí ti ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí ibi tí òun fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí ó hun àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò pa rí, kí ó fi dán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò níwájú kíláàsì bí olùkọ́ bá gbà. Òmíràn, kí ó gbin àgbàdo sínú agolo, kí ó máa fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé, ni kí ẹ máa wá.

Ó kan ọ̀rọ̀ fífo kíláàsì tí bàbá ọmọ ń sọ. N kò lòdì sí i ní gbogbo ìgbà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan gbé ìjábọ̀ ńlá kan jáde láti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, tó kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọmọ tí a bá fi ìṣọ́ra yàn láti fo kíláàsì sábà máa ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí kì í sì í dá nìkan wà bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Àwọn tó wá láti ibẹ̀ yẹn náà ló ṣe ìwọ̀n kan, Iowa Acceleration Scale, fún àwọn ilé-ìwé tó fẹ́ ṣe ìpinnu yìí. Lára ohun tí ìwọ̀n yìí kà sí ìdí láti má ṣe é rárá ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú kíláàsì tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ sì fi han bàbá ọmọ. Ọmọkùnrin yín wà ní kíláàsì kẹta. Bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá wọlé jókòó tì í, tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánwò kan náà, tí wọ́n sì ń ka ipò wọn jáde lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan nínú wọn yóò máa ṣíwájú èkejì ní gbangba, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́rin tó kù ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí àbúrò sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ìpalára tí èyí lè ṣe fún àwọn méjèèjì pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ lójú mi. Mi ò rò pé ẹ̀kọ́ kankan tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fara da irú ìpalára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ètò ẹ̀kọ́ wa fi ń mú ọmọ wọ kíláàsì kìíní. Ọmọ yín wà ní kíláàsì kejì ní ọdún mẹ́fà, ó ti fi ọdún kan ṣíwájú. Bí ó bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, yóò wà ní kíláàsì ìparí ní gírámà ní ọmọ ọdún 16. Ní 2024, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí bóyá ọdún 18 ni kó jẹ́, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọdún 16 ló kéré jù fún ìwọlé sí yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2025 JAMB ṣí ọ̀nà tóóró kan fún àwọn tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ tí èsì wọn ga lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ọdún tí ẹ bá fi ipá jèrè ní kíláàsì kejì, ó ṣeé ṣe kí ó jókòó dè é ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọmọ yín lè kàwé bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń di bírò mú, ẹkún tó ń sun bí wọ́n bá gba nǹkan rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ tó ń wá láti bá ṣeré ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bí ìṣirò nìkan bá jẹ́ ibi tó ti yára jù, ọ̀nà àárín kan wà tí ẹ lè bá ilé-ìwé sọ lẹ́yìn táàmù kan tàbí méjì: kí ó máa lọ sí kíláàsì mìíràn fún ìṣirò nìkan, kí ó sì padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìyókù ọjọ́. Ó gba pé kí tábìlì àkókò kíláàsì méjèèjì bára mu, kì í sì í rọrùn níbi gbogbo. Ní tiyín, ẹ ṣọ́ra kí kíláàsì náà má jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ olùkọ́, èyí tí mo kà sí pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn láti mú ọmọ tó kéré jù dìde, kí wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin àgbààgbà, ṣé ojú kò tì yín?" Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó má fi ọmọ yín dójú ti àwọn yòókù. Òun kọ́ ni yóò san gbèsè rẹ̀, ọmọ yín ni, ní àkókò ìsinmi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ bá a ṣeré. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi í wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, kódà bí ẹ̀gbọ́n bá ń ṣọ̀lẹ.

Ẹ sì ṣọ́ bí ẹ ṣe ń yìn ín. Nínú ìwádìí kan tí Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998, àwọn ọmọ tí wọ́n yìn pé ọpọlọ wọn pé máa ń yan iṣẹ́ tó rọrùn lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá sì kùnà, wọ́n tètè ń juwọ́ sílẹ̀ ju àwọn tí wọ́n yìn fún akitiyan wọn lọ. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní láìlàágùn kò tíì kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun tó le. Bí olùkọ́ bá fún un ní iṣẹ́ tó kùnà, tó sì sunkún wálé, ẹ má bá olùkọ́ jà. Ohun tí ẹ béèrè fún nìyẹn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé ibo ló ti há, kí ẹ sì yin ọ̀nà tó tún gbìyànjú. Bí ó bá wà nínú lẹ́sìn lẹ́yìn ilé-ìwé, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ yọ ọ́, kí ó máa fi àkókò náà ṣeré.

Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ kò ní gbà. Ẹ má kà á sí ọ̀tá. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa bójú tó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń bójú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹ dín ohun tí ẹ ń béèrè kù: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣirò nìkan, ìwé àkọsílẹ̀ láti ilé. Ẹ padà lọ lẹ́yìn bí oṣù kan láti béèrè bó ṣe ń lọ, kí ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ohunkóhun tó bá ti yí padà, bó ti wù kó kéré tó. Bí kò bá sí ìyípadà kankan lẹ́yìn táàmù kan gbáko, ẹ sọ fún olùkọ́ náà pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ rí ọ̀gá àgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Yíyí ilé-ìwé padà ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Ní ti ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn ọpọlọ, èyí tó wà ní Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger, ẹ̀yìn kíláàsì kẹfà ni, ẹ ṣì ní àkókò púpọ̀ kí ẹ tó ronú kàn án.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ ní oṣù Keje, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó kọ ìwé kúkúrú kan fún ẹni tí yóò gba ọmọ náà ní oṣù Kẹsàn-án: ohun tó ti mọ̀, ohun tó ṣì ń tiraka lé lórí, iṣẹ́ wo ló mú un jókòó jẹ́ẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá ráyè kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ jẹ́ kí ó kà á kí ó sì ṣàtúnṣe sí i, kí ẹ wá mú un dání pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà nígbà tí ẹ bá ń lọ kí olùkọ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.